Ìyá Onídìrí Tó Mú Mi Mọ Ìbàdàn

"Fẹ̀gbẹ́ rìn, má jẹ́ kí aṣọ ẹ kan ògiri," ni ìyá náà wí, ó sì fà mí lọ́wọ́ wọ ọ̀nà tóóró kan láàárín ilé alámọ̀ méjì. Ẹnì kan ń se ọṣẹ dúdú lẹ́yìn ògiri ọ̀tún. Òórùn eérú àti àdín gba gbogbo ibẹ̀, èéfín sì ń ta mí lójú. Lápá òsì, àwọn ọmọ ilé-kéwú ń ka wàláà wọn ní ohùn kan, ẹgba olùkọ́ wọn a sì máa ró pàá lára ẹní. Omi ìwẹ̀ ẹnì kan ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó ń ho fùkẹ̀fùkẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá náà gbóná nínú ọwọ́ mi, ìka rẹ̀ le bí èèpo igi nítorí òwú tó ti ń fà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Bí a ṣe yọ sí òdìkejì báyìí, inú agbo-ilé ńlá kan la ti bá ara wa, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Gbogbo wọn gbé orí sókè.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Onídìrí! Ọmọ wo lẹ mú dání yìí?"

"Ọmọ mi ni," ó dáhùn.

Èmi kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Mi ò tíì pẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni màmá mi kú sí. Lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán, bàbá mi gbé mi wọ mọ́tò, wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní agbo-ilé wọn ní Bẹyẹrunka. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Oúnjẹ mi kì í yẹ̀, aṣọ mi kì í dọ̀tí. Ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, wọn kì í wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí wọ́n bá sì wọlé, oorun ti kún ojú wọn.

Ohun tó wá sọ mí di odi ni ahọ́n mi. Haúsá ni mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré ní Kàdúná. Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́nu màmá mi kò dán mọ́rán. Ní ọjọ́ kan, àgbà ọkùnrin kan nínú agbo-ilé rán mi pé kí n lọ bá òun mú ọkọ́ wá lẹ́yìnkùlé. Mi ò rí i. Mo dúró láàárín àwọn ọmọ tó ń ṣeré, mo ní, "Mo ń wá ọkọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "Gàm̀bàrí tó ń wá ọkọ" ni wọ́n ń pè mí. Mo bá pa ẹnu mi dé. Tí mo bá ti ilé-ìwé dé, màá jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa, màá máa wo àwọn ewúrẹ́.

Yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ni ìyá náà ń gbé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọkùnrin agbo-ilé wa, ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Èkó. Iṣẹ́ irun dídì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù rí. Láti agbo-ilé dé agbo-ilé ló ń kiri. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, wíìgì ti gbòde, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń pè é mọ́. Síbẹ̀, bó bá ti kírun Aláásárì tán, á da ìborùn rẹ̀ bo èjìká, á gbé àpò kékeré tí òòyà àti òwú dúdú wà nínú rẹ̀ kọ́ apá, á sì jáde.

Ní ọjọ́ kan, ó dúró níwájú mi.

"Ṣé wọ́n ní kí o máa ṣọ́ ilẹ̀kùn ni?"

Mo mi orí pé rárá.

"Dìde nígbà náà. Jẹ́ ká lọ wo ìlú."

Mo rò pé gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè là ń lọ. Tíṣà wa ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa, mo sì máa ń rí àwọn àlejò tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí wọ́n ń ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti pín, mo nàka sókè. Ìyá náà rẹ́rìn-ín.

"Mápó ò ní sá lọ. Gbogbo àlejò ló ń gun ibẹ̀. Wọ́n á dúró sókè, wọ́n á wò wá nílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti rí Ìbàdàn. Ta ni wọ́n kí? Ẹni tí ò kí ẹnikẹ́ni, kí ló rí?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó mú mi wọ ẹ̀yìn Bẹẹrẹ, níbi tó jẹ́ pé bí o bá ti yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tajà báyìí, ariwo àwọn takisí Máíkírà á dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ohun tí wàá sì máa gbọ́ ni ìró ọlọ àti ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń rán fìlà lábẹ́ igi ìyeyè, tí ìyeyè tó ti pọ́n ń já lulẹ̀ yí i ká. Ó mú mi dé Pópó Yemọja, níwájú ilé kan tí sàréè wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì kí sàréè náà: "Ẹ kúulé o." Ó yíjú sí mi. "Irun ìyá yìí rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Èmi ni mo di í gbẹ̀yìn."

Orí ló fi mọ ìlú. Àwọn mìíràn á ní ilé alágbẹ̀dẹ, ilé onílù. Òun á ní ilé ẹni tí irun rẹ̀ le, ilé ẹni tí kò fẹ́ ṣùkú. Ó fi Àlájà kan hàn mí tó jókòó lórí àga, eyín wúrà lẹ́nu, tí gbogbo ilé ń wárìrì fún. Ó sọ fún mi létí pé, "Ìyẹn? Tó bá ti rí òòyà lọ́wọ́ mi, ó máa ń sá wọ abẹ́ ibùsùn." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín ní Ìbàdàn nìyẹn.

Kò jẹ́ kí n kọjá níwájú ẹnikẹ́ni láìkí i. "Kí wọn," á ní, á sì dúró títí màá fi kí wọn. Ohùn mi kò jáde dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá tó ń rán fìlà, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà." Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "O káre, ọmọ mi. Kí ni oríkì ẹ?" Mi ò mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí. Ìyá náà dáhùn kíá pé Àbẹ̀kẹ́ ni. Bí mo ṣe di Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn.

Mo rò pé nítorí tèmi ló ṣe ń mú mi jáde. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé òun náà ń dá wà. Ní ilé tí a bá dé, á fọwọ́ kan àpò rẹ̀, á bi wọ́n pé, "Ẹ ò ní dirí?" Wọ́n á ní, "Ìyá, ọmọ náà ti lo wíìgì." Á rẹ́rìn-ín, á ṣàdúrà fún wọn, bí a bá sì ti yà sí kọ̀rọ̀, ẹ̀rín náà á kúrò lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ilẹ̀kùn tí a bá dé á ti wà ní títì pa, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ á ti di olóògbé. A jọ jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo sì bi í ìdí tí kì í fi í sinmi sílé bíi tàwọn ìyá yòókù.

"Bí mo bá jókòó sílé," ó ní, "ta ló máa mọ̀ pé mo wà?"

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí nǹkan yí padà. À ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ, a sì dé ibi tí a máa ń yà sí ọ̀tún. Wọ́n ti wó ilé tó wà níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò síbẹ̀ gègèrè. Ìyá náà dúró. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fọwọ́ ti ògiri kan.

"Ilé dà?"

Mo sọ fún un pé wọ́n ti wó o ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Ọmọ, ta ló bí ẹ?"

Mo rò pé eré ni. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá rẹ̀, "Màámi, màámi o," ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Àwọn èèyàn ń kọjá, ọ̀kadà ń fun fèrè mọ́ wa. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọkùnrin kan ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù lóńdìrì kan. Mo fa ìyá náà lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì pariwo: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́!"

Ọkùnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Áà! Ìyá Onídìrí! Ẹ̀yin lẹ dirí ìyàwó mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa." Ìyá náà kàn ń wò ó. Ọkùnrin náà bi mí níbi tí ilé wà, mo ní Bẹyẹrunka. Ó ní òun á pe Máíkírà. Mo kọ̀. Mo ní mo mọ ọ̀nà. Mo di ìyá náà lọ́wọ́ mú, ọkùnrin náà sì ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn.

Mo mú un gba inú àwọn agbo-ilé, mo sì ń kí gbogbo ẹni tí a bá kàn. "Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ọyẹ́ o." Wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń pè é, ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń pèrun Màgàríbì nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà agbo-ilé wa. Ó wò mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jẹun?" Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi fóònù pe ọmọ ìyá náà ní Èkó. Ó dé lópin ọ̀sẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń kó ẹrù ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ìyá náà kò lè dá gbé mọ́. Wọ́n fi í sí iwájú mọ́tò. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ta la fẹ́ lọ kí?"

Lẹ́yìn rẹ̀, èmi nìkan ló ń rìn. Gbogbo agbo-ilé ló ń bi mí pé, "Ìyá dà?" Màá ní wọ́n ti lọ sí Èkó. "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?" Màá wá èsì kan fún wọn. Nídìí dídáhùn ìbéèrè yẹn ni Yorùbá mi ti wá já geere, tí kò sí ẹni tó tún pè mí ní Gàm̀bàrí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ kí i lẹ́ẹ̀kan ní Èkó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè téńté, ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn irin fèrèsé, ó ń wo títì. Kò mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní bàbá tó ń rán fìlà ní kí n kí i. Mo ní àwọn tó ń se ọṣẹ ní kí n kí i, Àlájà náà sì ní kí n kí i.

"Wọ́n ṣì wà?" ó bèèrè.

"Wọ́n wà, mà."

"Wọ́n bèèrè mi?"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè yín."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, ó kú. Wọ́n ti sin ín sí Èkó kí ìròyìn tó kàn wá. Èmi ni mo gbé e dé àwọn agbo-ilé. Níbi kan, àwọn obìnrin sọ àtẹ kalẹ̀, wọ́n sì tú gèlè wọn.

Èmi náà ti di ará Èkó báyìí. Yàrá kan ni mò ń gbé, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pè mí lọ sí etí òkun àti àwọn ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ya fọ́tò. Mo lọ díẹ̀, mo sì padà wálé bí mo ṣe lọ. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ṣómólú tàbí Múṣin, màá wọ àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn, màá máa kí àwọn èèyàn. Àwọn kan á ní, "Ta lẹ ń wá?" Àwọn kan rò pé mo fẹ́ wàásù. Ó ti mọ́ mi lára.

Láìpẹ́ yìí, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀gá mi fi fóònù bèèrè ìgbà tí màá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn mi. Nígbà tí ara mi yá, mo lọ sí Ṣómólú. Obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kí wa, a ò rí yín ní Sátidé. Ṣé kò sí?" Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ mi.

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà kò mọ tèmi. Mo jókòó. Mi ò lè purọ́ pé ìdáwà ti kúrò lára mi. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, yàrá mi á dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo Èkó ńlá yìí, ní òpópónà kan tí àlejò kankan kò jẹ́ wá wò, ẹnì kan wà tó mọ̀ nígbà tí mi ò wá.