Ọfà Ara Ògiri Pálọ̀ Wa

Ọdún tí mo di tísà ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ní dandan, ògiri pálọ̀ wa kan máa ní pákó bíi ti òyìnbó. Agbára mi ò ká kápẹ́ńtà, mo bá tú àwọn àpótí pákó tí wọ́n fi ń kó agolo epo òyìnbó, mo kàn wọ́n mọ́ ògiri fúnra mi. Ìṣó ò dúró dáadáa nínú amọ̀, èékánná mi ni òòlù ń bà. Mo ṣáà parí rẹ̀, mo sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí ọba.

Ìyá mi wá wo ulé. Ó rí àwọn àmì ọfà tí wọ́n kùn sára àpótí láti fi orí rẹ̀ hàn, tó yẹ kó kọjú sókè. Mo ti kan gbogbo rẹ̀ sódì.

“Kí ni ọfà wọ̀nyí ń tọ́ka sí?”

Ìyàwó mi wo orí mi lábẹ́ wọn. “Ẹni tó kàn wọ́n ni, Màmá.”