Aago Ò Dúró De Àdúrà

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò di gírándìmásítà, oyè tí wọ́n ń fún àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ó ti sú mi láti máa fẹ̀rín dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè sinmi.

Ayé owó epo ni. Gbogbo Ìsọlọ̀ ń kọ́lé, eruku sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ ká lè sá aṣọ funfun síta. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí òyìnbó ẹnjiníà kan ti kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Òun náà wá kọ́ mi nílé wa ní Àjàó. Kò pẹ́ tí mo fi ń pa á láyò. Mo pa òyìnbó náà. Mo pa àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn tó ń pè mí ní "ọmọdébìnrin yìí". Ìyá mi ní ṣé ayò ni màá gbé lọ ilé ọkọ ni. Bàbá mi ò tiẹ̀ gbọ́, orí rẹ̀ ti wú.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká wá díje ní gbọ̀ngàn kan ní Òṣòdì. Ẹni tó bá gbégbá orókè ló máa lọ ta ayò lókè òkun, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà gírándìmásítà ti máa ṣí. Ó wá ku èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan. Mo ti há ọba rẹ̀ mọ́ igun. Àsìkò tó kù fún mi ò pọ̀, àmọ́ ó tó mi. Aago máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayò yìí: tó bá kàn ẹ́, tìẹ ló ń rìn; tó bá tán kó o tó ta, wọ́n ti pa ẹ́ nìyẹn.

Ọwọ́ mi ń lọ sórí ọmọ ayò tí wọ́n ń pè ní ẹṣin nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà Aswani, wọlé wá wò mí. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dúró síwájú mi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n ní "Ẹ dúró ná, sà"? Èèwọ̀! Mo kúnlẹ̀.

Àgbà ò sì ní sọ pé "dìde" lásán. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó fi oríkì pè mí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní mi ò ní ṣìṣe. Ó ní ọ̀tá ò ní yọ̀ mí. Mò ń gbọ́ aago. Ẹni tí mò ń bá ta ti dọ̀bálẹ̀ ní tiẹ̀. Alákòóso ìdíje náà ti ṣí fìlà, ó ń ṣe àmín. Ta ló máa já àdúrà gbà lẹ́nu àgbà? Nígbà tó ní kí n dìde, inú rẹ̀ dùn, ó yísẹ̀ padà sọ́jà rẹ̀. Alákòóso nawọ́ sí aago, kò lè wojú mi. Àsìkò mi ti tán.

Bàbá mi tó wá wo ìdíje náà ló fi mọ́tò gbé mi lọ sílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó fà á o." Ó dùn mí wọra. Mo ní ó dáa, sà. Kò tún sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ mọ́ fún mi. Mo gba iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo lọ sílé ọkọ, mi ò gbé ayò kankan dání.

Ọdún gorí ọdún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ òun lọ́kàn tipẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé àdúrà tí mo ṣe fún ẹ lọ́jọ́ ayò yẹn ni ò pọ̀ tó?"

Mo ní, "Ó pọ̀, sà. Ó pọ̀ gan-an."