Wọ́n tún ní rélùwéè máa gba oko mi kọjá

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún rélùwéè tún dé oko mi n'Íjagun lónìí.

Ọ̀gá wọn ní, "Bàbá, ẹ má gbin nǹkan kan síbí o, ojú irin máa gbabí kọjá."

Mo ní, "Ṣé tèṣí náà ni, àbí àbúrò rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èèkàn tá a kàn síbí ńkọ́, Bàbá?"

"Ewúrẹ́ mi ni mo so mọ́ ọn. Ó ń bá ìjọba ṣọ́ ọ."

Mò ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Nítorí ìlérí wọn ni ilẹ̀ yìí fi di igbó léṣìí.

Bí wọ́n ṣe lọ ni mo gbin ẹ̀gẹ́ sí i.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gàrí àti rélùwéè, èwo ló máa kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde?