Àwọn Tó Ń Ka Ìtàn Dádì

Lọ́jọ́ tí Débọ́lá fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ni bàbá náà fi gbà á. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló wá ń dun Débọ́lá jù nígbà tó yá.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá. Ilé kan náà tí wọ́n ti tọ́ Débọ́lá ní Festac ni àwọn méjèèjì ṣì ń gbé. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, tí ilé pa rọ́rọ́, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn Festac àtijọ́: ẹni tó gbin igi máńgòrò ẹnu géètì, bí ìyá Débọ́lá ṣe máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Agboju nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún òun mọ́ inú ọkọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Débọ́lá ń ṣe. Òun ló gbé ìtàn náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí sẹ́fà kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tó wà lọ́nà jíjìn, tó ń gbé ìtàn fún ẹni tó bá béèrè.

"Débọ́lá," bàbá bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ń kà á?"

Débọ́lá ò fẹ́ kí iléeṣẹ́ òkèèrè kankan máa ṣọ́ àwọn tó ń ka ìtàn bàbá òun. Ó pinnu láti fi ètò tó ń ka iye àlejò sórí sẹ́fà tiwọn fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí màbo. Ètò náà kọ́kọ́ ní òun ò láṣẹ láti kọ ohunkóhun sínú fódà tí wọ́n fi òun sí. Ó fún un láṣẹ. Ètò náà tún sọ pé irinṣẹ́ kan ṣì kù. Ó wá a, ó fi sí i. Ojú ewé wá funfun báláú, kò sì sọ ìdí kankan, títí Débọ́lá fi rí i pé ààyè tí òun fún un láti ṣiṣẹ́ ló kéré jù.

"Dádì, ó ti ṣiṣẹ́! Ẹ ṣí i lórí fóònù yín!"

Bàbá ṣí i, àdírẹ́sì kan yọ lójú ètò náà, ìyẹn nọ́ńbà gbọọrọ tó fi ń dá àlejò mọ̀. Débọ́lá kọ "Dádì" sí i lára. Ojú ewé kan ṣì kù nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì ti dùn. Kò kà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àbẹ̀wò pọ̀ lọ jàra, àmọ́ láti ọ̀dọ̀ "Dádì" ni gbogbo wọn.

"Dádì!" Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ka ìtàn yín o! Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́!"

"Èmi kẹ̀?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ó kéré tán, òǹkàwé yẹn mọ̀wé."

Ìtàn omi ló ń kọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, Débọ́lá sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Ó ti kọ ọ́ dé ibi tí ẹ̀rọ omi gbẹ, tí gbogbo aládùúgbò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ní ojú ń dun òun. Ó ti awò ojú rẹ̀ bọ inú dúróà, ó sì gbájú mọ́ rédíò.

Ní Sátidé kan, Débọ́lá lọ ra ẹja ní Agboju. Bó ṣe dúró kí wọ́n bá òun gé e, ìyá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó ṣí ìtàn ìrìn ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó kà á tán. Nígbà tó délé, ó ní kí òun kúkú yọ ètò náà kúrò, nítorí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àbẹ̀wò tuntun kan wà níbẹ̀: ìtàn Agboju, ní àsìkò tí òun dúró níwájú ẹlẹ́ja gan-an. "Dádì" ló wà lára rẹ̀.

Fóònù òun ni wọ́n pè ní Dádì yẹn.

Ó wá ka ojú ewé tó fò. Ẹ̀rọ kan wà níwájú sẹ́fà tó ń gba àlejò wọlé, bíi máígádì tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń wá kanlẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá dé. Bí ará ilé ò bá béèrè pé ta ló rán an, yóò máa rò pé máígádì nìkan ló ń wá. Nọ́ńbà máígádì yìí ni Débọ́lá kọ "Dádì" sí lára. Ìlà kan péré ni Débọ́lá ní láti kọ kí ètò náà lè máa béèrè. Ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wá tẹ́lẹ̀, kò sí bó ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí mo sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. Àwọn èèyàn ń kà á."

"Àwọn wo?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Bàbá dín ohùn rédíò kù. "Débọ́lá, má pọ́n mi lé. Àánú mi ló ń ṣe ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju ìbínú lọ. Ó gbé lápútọ́ọ̀pù síwájú bàbá, ó sì jókòó sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àlejò kan tó wọlé. Ìtàn omi ló ṣí.

"Èmi kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin kọ́, sà."

"Ó dá ẹ lójú? Ó dá ẹ lójú lọ́jọ́sí náà."

Débọ́lá mú fóònù bàbá, ó fi ṣí ìtàn kan náà. Àdírẹ́sì mìíràn yọ lábẹ́ ti àkọ́kọ́.

"Ẹ̀yin rèé," ó ní. "Ẹni yẹn rèé."

Bàbá wò ó títí. Àlejò náà ò tíì lọ.

"Á ti dé ibi tí omi gbẹ báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò sì ní bá ìyókù níbẹ̀." Bàbá nawọ́ sí dúróà. "Bá mi mú awò mi."

Débọ́lá mú un wá. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku ojú awò náà kúrò dáadáa, nítorí kò tíì lè wo ojú bàbá rẹ̀.