Alhaja sunkún nítorí ọmọbìnrin inú ìwé

Alhaja tó ń bá mi wá ọkọ kiri Padova ní Ítálì níbí ló sunkún lónìí nítorí pé ọmọbìnrin inú ìwé kan lọ́kọ!

Obìnrin ajìjàgbara kan ló kọ ìwé náà láyé Ọbabìnrin Fikitóríà. Ìwé náà ni mo fi ń kọ tesi mi, iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Mo ń sọ ìtàn ẹ̀ fún Alhaja bí mo ṣe ń dirun fún wọn.

Bí mo ṣe dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti ṣègbéyàwó, wọ́n ń nu omijé. "Ọmọ tó mọ̀wé báyẹn! Wọ́n ti fayé ẹ̀ ṣòfò."

Inú mi dùn. "Ẹ wá sọ fún ọkùnrin tí ẹ bá mi rí ní Modena yẹn kó má wá mọ́, mà."

"Kí ló dé? Ó ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Ọmọ yẹn ò rẹ́ni bá a wádìí ọkọ ni. Èmi ti wádìí tìẹ dé ilé bàbá ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn."

Ó rú mi lójú o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n fọ̀rọ̀ Alhaja sínú tesi ni, àbí kí n lọ ra ẹran tí màá fi ṣàlejò ọkùnrin yẹn ní Sọ́ńdè?