Bàbá Tó Ń Dúró Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Mo mọ ohun tí bàbá yẹn ń ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi wà, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Thamesmead, ní London, ní 1991 máa ń rùn fún ọṣẹ ìfọlẹ̀ àti kábéèjì bíbọ̀, àfi ẹnu ilẹ̀kùn onígíláàsì tó kọjú sí pápá, níbi tí atẹ́gùn odò ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ibẹ̀ ni bàbá náà máa ń dúró sí lọ́sàn-án, tòun ti ọ̀pá rẹ̀, tí á máa wo àwọn ẹṣin tó ń jẹko.

Lọ́jọ́ kan tí mo gbé tíì fún un, ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan láti Galicia, apá ilẹ̀ Spéìn tí wọ́n ti bí i: alindar. Ó ní inú linde, ìyẹn ààlà oko, ni wọ́n ti fà á yọ, àti pé àlùfáà abúlé wọn sọ pé láti inú èdè Látìn ni linde fúnra rẹ̀ ti wá. Alindar ni kí èèyàn dúró ní ààlà, kí màlúù tó ń jẹko má baà wọ oko olóko. Iṣẹ́ tó ṣe fún bàbá rẹ̀ láti kékeré nìyẹn.

“Ìwọ ńkọ́, o ti da ẹran rí?”

“Ewúrẹ́ kan, Dádì. Ó sì sọnù.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láyà. “O ò dúró ní ààlà nìyẹn.”

Ọ̀gá wa, obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ, rò pé ńṣe ni bàbá fẹ́ sá kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bàbá, obìnrin tí wọ́n bí sí London tí kò gbọ́ èdè baba rẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich kọjá wá kí i, ọ̀gá sọ fún un pé, “Bàbá yín ò fẹ́ràn ibí. Ẹ̀ẹ̀kan náà tá a bá gbójú kúrò, ó ti lọ.” Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, n kì í já àgbà ní koro lójú àlejò. Mo sì tún ń ro iṣẹ́ mi. Mo ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa, wọ́n gbé àga tó máa ń jókòó sí lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí kò ti lè rí àwọn ẹṣin mọ́. “Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn báyìí?” ló máa ń bi mí. Màá ní, “Ẹ jókòó, Dádì.” Kò pé oṣù méjì tó fi kú.

Èmi ni mo bá ọmọ rẹ̀ gbé ẹrù bàbá dé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì. Ó ní, “Èmi ni mo mú un wá síbí. Ibi tó ti fẹ́ sá fún mi ló kú sí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ni mo rí sọ. Bọ́ọ̀sì dé, ó wọlé, mi ò rí i mọ́.

Bàbá ò fẹ́ sá. Ó dúró síbẹ̀ kí àwọn ẹṣin yẹn má baà ṣìnà ni, bó ti ṣe láti kékeré. Gbólóhùn kan péré ni. Ọmọ rẹ̀ yẹn ló ni ín, ọwọ́ mi ló ṣì wà.