Òkú Tí Kò Ya Ilé Ìyá Rẹ̀

Mi ò bá ìwé jà rí kó tó di èyí. Orí ọ̀rá tí bàbá kan tẹ́ ìwé àlòkù sí ní Ìkòtún ni mo ti rí i. Àwòrán ọmọge òyìnbó kan àti ọmọkùnrin kan tó funfun bí ẹfun ló wà níwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn pé ọmọkùnrin náà kú, pé ọmọge ò rí òkú rẹ̀, àti pé ó padà wá. Ibi tí wọ́n ti ní kò rí òkú rẹ̀ yẹn ló mú mi. Mi ò tiẹ̀ ná an dáadáa kí n tó rà á.

Torí èmi náà ò rí òkú ìyá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti lo gbogbo ayé wọn, Èkó ò wù wọ́n, wọn ò wá wò mí rí. Àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé Màámi ti ṣaláìsí. Mùsùlùmí ni wá, a kì í gbé òkú pamọ́. Kí n tó rí ọkọ̀ wọ̀, kí ọ̀nà tó já gaara, ilẹ̀ ti ń ṣú, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi hàn mí. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná! Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, pé bí ẹ̀sìn ṣe wí nìyẹn. Mo mọ̀ jàre. Mo padà sí yàrá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Àárò wọn ń sọ mí.

Ni mo bá jókòó ti ìwé náà lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní ẹni tó kú tó padà wá, á ní nǹkan sọ. Ẹ gbà mí o! Ojú fèrèsé ni ọmọkùnrin yìí ń gbà wọlé, á máa yin ojú ọmọge. Ọmọge ò bi í pé, "Ibo lo wà? Ṣé ó dùn ọ́?" Ó ṣá ń bi í bóyá ó ṣì fẹ́ràn òun. Ọmọkùnrin míì tó máa ń di ìkookò tún yọjú, àwọn méjèèjì wá ń jà nítorí ọmọge. Àbí irú kí lèyí? Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá òkú yìí ń gbé ládùúgbò yẹn gan-an. Òǹkọ̀wé ní ó ń sunkún, gbólóhùn kan péré, ó ti kọjá síbòmíràn. Títí ìwé fi parí, ọmọ náà ò yà wò ó. Ọmọ burúkú! Mo sọ ìwé mọ́lẹ̀, mo ń bú u.

Ìyá onílé wa, ọmọ bíbí Ẹ̀gbẹ́dá, gbọ́ ohùn mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta lò ń bá jà níbẹ̀ yẹn?"

Mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ròyìn ìwé náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ nǹkan kan. Àkúdàáyà kì í gbé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìlú òkèèrè ló ń lọ. Á gba ilé, á máa ṣòwò, á tiẹ̀ bímọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá fojú gán-án-ní rẹ̀, ó pòórá nìyẹn, ó di gbéré."

"Ẹ gba ìyẹn gbọ́, Mà?"

"Ẹ̀yin ọmọ ìwé! Ta ló mọ ta ni l'Ékòó yìí? Àwọn ló kún ibí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí èmi àti èèyàn ti jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá wọ́n wọlé lọ, ó tún ku èmi nìkan.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mò ń kọjá níwájú ibùdókọ̀ BRT ní Abúlé Ẹ̀gbá. Obìnrin kan wà lórí ìlà, ó kẹ̀yìn sí mi. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ó ń fi í họ ìkejì. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn tí ìdúró bá sú wọn. Mo ti lanu láti pe Màámi, ni ọ̀rọ̀ ìyá onílé bá sọ sí mi lọ́kàn.

Mo kàwé o. Mi ò gba irú ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé ta ló mọ ìyá mi l'Ékòó? Kò sí. Nínú gbogbo èrò tó ń rọ́ lura wọn níbẹ̀, èmi nìkan ni mo lè lé wọn lọ. Bí mi ò bá ti wò wọ́n, wọ́n lè máa gbé ibí. Wọ́n lè gba yàrá kan ní Ìgàndò, kí wọ́n máa tajà wọn, kí wọ́n máa bú oòrùn Èkó.

Mo yára kẹ̀yìn sí wọn, mo fi ìborùn bo ojú. Ó ń ṣe mí bíi kí n yíjú, kí n rí ojú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí wọn ò jẹ́ kí n rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò yíjú. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí bọ́ọ̀sì gbéra.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí omijé mi.

"Ọmọ mi, kí ló dé? Ta ló ṣe ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí, sà. Màámi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì."

"Wọ́n á gúnlẹ̀ láyọ̀."

Mo ní, "Àmín, sà."